Ìyálóde Tinúbú àti Ère Rẹ̀

 Àṣà ìwé ọdọọdún wa yìí ni láti mú ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti ṣíwájú wa, kí á sọ ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní ọdún yìí, Ẹfúnróyè Tinúbú, Ìyálóde Ẹ̀gbá, ni ó kàn.

A kò ṣèèṣì mú un. Ère obìnrin yìí wà ní Ìta Ìyálóde ní Abẹ́òkúta, ojú gbogbo wa ni ó sì wà. Àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa, pàápàá àwọn tí wọ́n ń kàwé ní òkè òkun, ń bèèrè bí ó bá tọ́ kí ìlú máa fi ère bu ọlá fún ẹni tí ó ta ọmọ ènìyàn. Ọ̀pọ̀ àgbà a máa bínú sí ìbéèrè náà. Lójú wọn, ẹni tí ó gba ìlú lọ́wọ́ ọ̀tá kò yẹ ní ẹni tí ọmọdé ń nàka sí. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbínú. A ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí obìnrin náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí a tó lè mọ ohun tí ó yẹ ère rẹ̀.

ÌBẸ̀RẸ̀ RẸ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1810 ni a bí Tinúbú ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ní ìgbà náà, kò sí ìlú kan tí ń jẹ́ Abẹ́òkúta. Inú igbó ni àwọn baba wa ń gbé, olúkúlùkù ní ìlú tirẹ̀ àti lábẹ́ olórí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun tí ó fọ́ Òwu dé, kò dá àwọn ìlú Ẹ̀gbá sí. Ilé jó, oko di igbó, a sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rú. Àwọn tí ó ṣẹ́kù ni Ṣódẹkẹ́ kó lọ sí abẹ́ Olúmọ ní 1830 láti tẹ ìlú titun dó. Kí gbogbo ọmọ Ẹ̀gbá fi èyí sọ́kàn: àwọn tí ń sá fún ẹrú ni ó tẹ ìlú wa dó. Tinúbú fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́ ní àkókò ìparun náà. Kò sí ẹni tí ó nílò láti sọ fún un ohun tí ó ń jẹ́ kí a jí ènìyàn gbé kúrò ní ilé baba rẹ̀.

Ọkọ àárọ̀ rẹ̀ jẹ́ ará Òwu, ó sì bí ọmọkùnrin méjì fún un. Ọkùnrin náà kú. Ní 1833, Tinúbú fẹ́ Adélé Àjósùn, ẹni tí ó ti jẹ ọba Èkó rí, ṣùgbọ́n tí a lé kúrò lórí oyè, tí ó ń gbé Àgbádárìgì. Tinúbú bá ọkọ rẹ̀ lọ sí etí òkun, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì bá a lọ. A gbọ́ pé ibẹ̀ ni ibà ti pa àwọn ọmọ náà. Ẹni tí ọ̀fọ̀ irú èyí ṣẹ̀ lè jókòó kí ó máa sunkún títí ayé. Ọjà ni obìnrin yìí kọjú sí.

NÍ ÀGBÁDÁRÌGÌ ÀTI NÍ ÈKÓ

Àgbádárìgì ní ìgbà náà jẹ́ ẹnu ọ̀nà láàrin òkè ilẹ̀ àti òkun. Tábà àti iyọ̀ ni Tinúbú ń tà sí òkè. Ẹrú ni ó ń gbà sọ̀kalẹ̀. Òwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí so mọ́ ara wọn, owó ọ̀kan ni a fi ń ra èkejì. Òun tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá mọ àwọn ọ̀nà oko àti àwọn ará ọjà, ìyàwó ẹni tí ó ti jọba sì ni lójú àwọn ará etí òkun. Kò pẹ́ tí ọrọ̀ rẹ̀ fi hàn sí gbogbo ènìyàn.

Ní 1835 a pe Adélé padà sórí oyè ní Èkó, Tinúbú sì di olorì. Ṣùgbọ́n ọba náà wàjà ní 1837. Olúwọlé tí ó jọba tẹ̀lé e ní olórí ogun kan tí ń jẹ́ Yésúfù Badà, òun ni Tinúbú sì fẹ́ lẹ́yìn náà. Láti ìgbà náà lọ, kò sí ọ̀rọ̀ oyè Èkó tí kò ní ọwọ́ obìnrin yìí nínú. Nígbà tí Olúwọlé kú ní 1841, ẹ̀yìn Akítóyè ni ó wà. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ sì lé Akítóyè kúrò ní ìlú ní 1845, Tinúbú kò fi ọba rẹ̀ sílẹ̀. Owó rẹ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wà lára ohun tí ó gbé Akítóyè ró nígbà tí ó wà ní ìgbèkùn ní Àgbádárìgì.

Ní ìparí ọdún 1851, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó, Kòsọ́kọ́ sá, Akítóyè sì padà sórí oyè. Ní ọjọ́ kìíní oṣù January 1852, ọba náà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pé òwò ẹrú ti parí ní Èkó. Ọ̀rọ̀ náà ta kókó níhìn-ín. Ọba tí Tinúbú náwó lé lórí ni ó fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ òwò rẹ̀ di èèwọ̀. Ó gba òwò epo pupa mú, ó sì di alárinà pàtàkì láàrin àwọn òyìnbó oníṣòwò ní Èkó àti àwọn ẹlẹ́po òkè ilẹ̀ títí dé Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n àwọn òpìtàn fi yé wa pé kò fi òwò ẹrú sílẹ̀ pátápátá. Ó ń bá a lọ ní ìkọ̀kọ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣòwò Brazil àti Potogí, ó sì ń gba ìbọn àti ẹ̀tù lọ́wọ́ wọn. Oládiípọ̀ Yẹ́mítàn, ẹni tí ó kọ ìwé lórí ìgbésí-ayé rẹ̀ ní 1987, mẹ́nu kan òwò kan tí ó dàrú láàrin òun àti Domingo Martinez, àti bí Tinúbú ti sọ pé ó yá òun lára láti ri àwọn ẹrú náà sómi ju kí òun tà wọ́n ní ọ̀pọ̀ lọ. A kò lè ka irú nǹkan báyìí kí ara wa má bù máṣọ.

Akítóyè wàjà ní 1853, ọmọ rẹ̀ Dòsùmú sì jọba. Agbára Tinúbú lé sí i débi pé àwọn kan ń wò ó bí ẹni tí ń bá ọba pín ìlú ṣe. Èyí kò dùn mọ́ àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà tí wọ́n ti padà dé láti oko ẹrú, tí wọ́n sì ń bá a du ọjà. Kò sì dùn mọ́ Benjamin Campbell, tí í ṣe kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì. Tinúbú náà kò fẹ́ wọn. Ó rí i pé bí wọ́n bá ń gbilẹ̀ báyìí, Èkó yóò bọ́ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀. Gbèsè ọ̀pọ̀lọpọ̀ owó sì wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó oníṣòwò. Ìjà náà le títí, ní oṣù May 1856, Campbell fi dandan mú Dòsùmú kí ó lé e jáde kúrò ní Èkó.

A ní láti sọ òdodo níhìn-ín pẹ̀lú. Kì í ṣe nítorí ẹrú nìkan ni a ṣe lé Tinúbú. Agbára àti ọjà wà nídìí rẹ̀. Àwọn tí ó lé e ni wọ́n gba Èkó pátápátá lọ́wọ́ Dòsùmú ní oṣù August 1861, ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn náà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ka Tinúbú mọ́ àwọn tí ó kọ́kọ́ dojú kọ ìjọba àjèjì ní ilẹ̀ wa, tí orúkọ rẹ̀ fi wà lára ìta ńlá tí ó wà láàrin Èkó. Nígbà tí a gba òmìnira, a sọ ìta náà ní Ìta Òmìnira, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ará Èkó kò gbà: Ìta Tinúbú ni wọ́n ń pè é títí di òní.

BÍ Ó TI DI ÌYÁLÓDE

Abẹ́òkúta ni Tinúbú padà sí. Ẹlòmíràn tí a bá lé kúrò ní ìlú bẹ́ẹ̀, a wábi jókòó sí, a máa ka ìyà rẹ̀. Tinúbú tún òwò rẹ̀ dá sílẹ̀. Epo, ìbọn, ẹ̀tù àti ọta ni ó ń tà. Ohun tí ó sì ń tà yìí ni ìlú nílò jù lọ, nítorí pé Dàhòmì kò jẹ́ kí a sùn.

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má ṣe rò pé ìtàn àlọ́ ni ogun Dàhòmì. Ní ọjọ́ kẹta oṣù March 1851, Ghezo, ọba Dàhòmì, ti kó ogun dé ẹnu odi Abẹ́òkúta, pẹ̀lú àwọn obìnrin ológun rẹ̀ tí òkìkí wọn kàn dé ìlú òyìnbó. Àwọn baba wa lé wọn padà. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù March 1864, Glele ọmọ Ghezo tún kó ogun dé láti gbẹ̀san baba rẹ̀. Bí odi bá wó ní ọjọ́ náà, a kò ní pa gbogbo wa. A ó kó wa ni, nítorí pé iṣẹ́ ẹrú kíkó ni Dàhòmì ń ṣe. Tinúbú ni ó fún àwọn ológun wa ní ìbọn àti ẹ̀tù. Odi kò wó. Dàhòmì sá, ìlú sì yọ̀. Ní ọdún 1864 yìí kan náà ni a fi Tinúbú jẹ Ìyálóde gbogbo Ẹ̀gbá, nítorí iṣẹ́ tí ó ṣe nínú ogun náà.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń wọ̀ ní ìgbìmọ̀ ìlú. Nígbà tí Aláké Adémọ́lá kìíní wàjà ní 1877, tí oyè di ìjà, ẹ̀yìn Oyèkàn ni Ìyálóde wà, Oyèkàn sì jọba ní 1879. Tinúbú gbé ìyókù ayé rẹ̀ nínú ọlá ní Abẹ́òkúta, ó sì kú ní 1887. Kò fi ọmọ kankan sílẹ̀ nínú ara rẹ̀. Orúkọ ni ó fi sílẹ̀.

ÈWO NI KÍ A ṢE NÍPA ÈRE RẸ̀?

Ẹ̀yin ará, ẹ ti rí ohun tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro. Ẹ̀tù tí kò jẹ́ kí Dàhòmì kó wa lẹ́rú, inú ọrọ̀ tí owó ẹrú wà nínú rẹ̀ ni ó ti jáde. Ẹni tí ó bá ní kí a máa yin ẹ̀tù náà, kí a má mẹ́nu ba owó rẹ̀, ń tan ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ó bá ń bú owó náà, tí kò rántí pé ó ṣeé ṣe kí òun má sí láyé bí kò bá sí ẹ̀tù.

Àwọn kan ń wí pé bí ayé ti rí ní ìgbà náà nìyẹn, pé gbogbo ènìyàn ni ó ń ṣe é. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹ wo Samuel Ajayi Crowther, ẹni tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ Tinúbú ní ọjọ́ orí. Ní 1821 ni a kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn, tí a tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ ojú omi ní Èkó. Àbẹ́òkúta wa yìí náà ni ó ti rí ìyá rẹ̀ padà ní 1846, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ní 1864 tí a fi Tinúbú joyè Ìyálóde ni a fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ọdún kan náà ni, ìran kan náà ni. Nítorí náà, kò ṣeé sọ pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ nígbà náà pé òwò yìí burú. Àwọn tí a ń tà mọ̀. Àwọn ìyá wọn mọ̀. Àwọn àgbà wa tilẹ̀ ti fi òwe sọ ọ́ tipẹ́, pé ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ni ẹrú náà ti ṣe ọmọ rí ní ilé ìyá rẹ̀.

Àwọn mìíràn ń wí pé kí a wó ère náà. Wọ́n ń tọ́ka sí ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ère Edward Colston, ọlọ́rọ̀ tí ó wà nínú ẹgbẹ́ oníṣòwò ẹrú, tí ó sì fi owó rẹ̀ ran ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn tálákà lọ́wọ́, ti wà níbẹ̀ láti 1895. Ní ọjọ́ keje oṣù June 2020, àwọn ènìyàn fi okùn fà á lulẹ̀, wọ́n sì tì í sínú omi. Ìjọba ìlú yọ ọ́, ó sì di ohun tí a ń wò ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. A kò dá àwọn ará Bristol lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a kọ òtítọ́ sí abẹ́ ère náà, tí àwọn tí ó wà nípò kò sì lè fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí wọn yóò kọ. Nígbà tí òtítọ́ kò rí àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère, ère náà kò rí àyè dúró. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Colston kì í ṣe ọ̀rọ̀ Tinúbú pátápátá. Colston kò gba Bristol lọ́wọ́ ogun kankan, àwọn tí ó tà kò sì sí ní ìlú rẹ̀ láti sọ̀rọ̀.

Nítòsí wa, àwọn ará Ìbàdàn ní ère Ẹfúnṣetán Aníwúrà ní Challenge. Ìyálóde ni òun náà, ẹrú rẹ̀ pọ̀, a sì pa á ní 1874. Àwọn ará Ìbàdàn kò fi ìtàn rẹ̀ pamọ́. Wọ́n ti ṣe é ní eré orí ìtàgé, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sì ń kà á. Ó ṣeé ṣe kí a jiyàn bóyá eré náà sọ ọ́ bí ó ti rí gan-an, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tí yóò kọjá lábẹ́ ère náà tí yóò rò pé ẹni mímọ́ ni.

Ohun kan tún wà tí a kò gbọ́dọ̀ bò mọ́lẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹrú ni ó wọ ọkọ̀ lọ sí Bahia tàbí Cuba. Ọ̀pọ̀ dúró ní ilé àti ní oko, wọ́n ru epo, wọ́n ro oko, wọ́n jagun, wọ́n bímọ. Àwọn ọmọ wọn di ọmọ ilé. Síbẹ̀, bí a bá fẹ́ pín ilẹ̀, tàbí tí oyè bá ṣí sílẹ̀, a ó gbọ́ tí ẹnìkan yóò sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé lágbájá kì í ṣe ọmọ bíbí inú ilé, pé ẹrú ni baba-ńlá rẹ̀. Ẹnu tí ń yin Tinúbú ní ọ̀sán a máa fi ọmọ ẹrú bú aládùúgbò rẹ̀ ní alẹ́. Èyí gan-an ni ìtìjú tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá gbé ère fún ẹni tí ó ra ènìyàn, tí a sì ń fi ojú tín-ín-rín ọmọ ẹni tí a rà, a ti dá ẹjọ́ náà ní òdì. Ọ̀nà kan náà ni a gbà bí ẹrú tí a gbà bí ọmọ.

ÌMỌ̀RÀN WA

Lójú tiwa, kí ère Ìyálóde Tinúbú dúró sí ibi tí ó wà. Ìlú tí ó bá wó ère rẹ̀ láìkọ́ ìtàn rẹ̀ yóò gbàgbé rere àti búburú papọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe dá dúró.

Èkínní, kí a kọ ìtàn rẹ̀ ní Yorùbá tí gbogbo ènìyàn lè kà sí ibi tí ère náà wà, kí ó sì pé: pé ó gbé ọba dìde, pé kò tẹrí ba fún kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì, pé ẹ̀tù rẹ̀ wà lára ohun tí ó gbà wá ní 1864, àti pé ó ta ènìyàn, àní lẹ́yìn tí a ti fọwọ́ sí i pé òwò náà ti parí.

Èkejì, kí a ri òkúta kan mọ́lẹ̀ ní iwájú rẹ̀, ní ìta kan náà, fún àwọn tí a tà tí a kò mọ orúkọ wọn. Kò ní láti tóbi. Kí ó ṣáà wà níbi tí ojú ère náà yóò máa wò ó lójoojúmọ́. Ní 1886 ni oko ẹrú parí ní Cuba, ó sì parí ní Brazil ní 1888, ọdún kan lẹ́yìn ikú Tinúbú. Àwọn ọmọ àwọn tí a kó lọ ń padà wá bẹ ilẹ̀ yìí wò, wọ́n ń wá orírun wọn. Bí wọ́n bá dé Abẹ́òkúta tí wọ́n rí ère ẹni tí ó tà, kí wọ́n rí ibi tí a ti ń rántí ẹni tí a tà pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹta, èyí tí kò ná ìlú ní kọ́bọ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe fi ọmọ ẹrú bú ọmọ ìlú mọ́, ní ilé ẹbí, ní ìpàdé ẹgbẹ́, tàbí níbi tí a bá ti ń du oyè. Kí àwọn baálé fi èyí ṣe òfin ní agbo ilé wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ká yín lára ju bí ó ti ká àwọn mìíràn lọ, nítorí pé láàrin àwọn ọmọ tí a tà ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń gbé lónìí. Ẹ kọ ìwé sí wa, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ èrò yín kí ìwé ti ọdún tí ń bọ̀ tó jáde. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí agbo ilé yín, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọdé wà níbẹ̀.

Kí Olúwa dá ìlú wa sí, kí ogun má tún jà wá, kí ẹrú má tún wọ ìran wa. Àṣẹ.